Ẹ̀rọ Géèmù Tó Fẹ́ Pẹlẹbẹ Bíi Fóònù

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ṣé ojú yín ṣì ń rí abẹ́rẹ́ inú aago dáadáa? Ìyá mi ńkọ́? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí wọ́n sinmi? Èmi náà wà, àfi òtútù tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá mi lórí ibùsùn.

Mo mọ̀ pé ẹ ti máa sọ pé ọmọ yìí tún sọnù. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe eré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ká ní ẹ ń lo fóònù tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ni, ojoojúmọ́ ni à bá máa gbóhùn ara wa.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe, èmi á sì ní "iṣẹ́ ẹ̀rọ". Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ẹ̀rọ géèmù kékeré, èyí téèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju géèmù lọ. Kò lè pe èèyàn, kò lè ya fọ́tò. Àwa mẹ́fà la jókòó nídìí tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. À ń tẹ̀ ẹ́, à ń jù ú sílẹ̀, à ń gbé e sínú oòrùn, títí a ó fi mọ ibi tó kù sí.

Bàbá mi, ìdààmú wa kò kéré. Fóònù ti gba gbogbo ayé. Ọ̀gá wa, tí a máa ń pè ní Pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀, a máa gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ wa ní gbogbo ọjọ́ Ajé, yóò ní: "Ẹ wo èyí. Ó ń pe èèyàn, ó ń ya fọ́tò, ó ń ta géèmù, ó sì wọ àpò. Tiwa tó sanra bí bíríkì yìí, ta ni yóò gbé e? Ẹ jẹ́ kó pẹlẹbẹ sí i!" Bí èyí tí a ń ṣe lọ́wọ́ kò bá tà, wọn yóò ti ẹ̀ka wa pa, àwa ogójì èèyàn.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òkè ilé mi ń bọ̀ wálé. Mo ti fi ẹ̀rọ náà kan rán an sí yín. Ẹ ta géèmù inú rẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé èèyàn lè torí rẹ̀ gbé fóònù jù sílẹ̀? Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni o, kò tíì jáde.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin.


Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, mo dúpẹ́ pé o wà láyé. Oṣù mẹ́jọ! Ìyá rẹ ti ń wo ojú mi bíi pé èmi ni mo fi ọ́ pamọ́.

Ní ti fóònù tí o ń tì mí mọ́, mo ti sọ fún ọ pé gíláàsì yẹn kò gbọ́ tèmi. Àádọ́ta ọdún tí mo ti fi ń di irin aago mú ti sọ orí ìka mi di páànù. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó dákẹ́. Ìyá rẹ fi ìka kan ṣoṣo kàn án, ó dáhùn. Ṣé èmi ni yóò máa bẹ gíláàsì?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ yìí, háà! Mo tẹ bọ́tìnnì, ó tẹ̀. Ó dún "kẹ́" lábẹ́ ìka mi, mo sì mọ̀ pé ó ti gbọ́. Géèmù ọkọ̀ ojú omi inú rẹ̀ yẹn, tó ń sá fún òkúta, ó mú mi lórí débi pé mo gbàgbé oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà. Oúnjẹ mi tutù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá rẹ ní, "Ẹ wo ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin tó ń bá òkúta jà." Lọ́jọ́ kejì, ó gbà á lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ wo ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú rẹ̀, mi ò sì rí i gbà padà títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ní ọjọ́ kẹfà, mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òsì mi ń gbóná. Kì í ṣe gbígbóná bẹ́ẹ̀ ṣá, ó gbóná bí ife omi téèyàn kò tíì lè mu. Mo ní kí n wò ó.

Mo tú u.

Má pariwo. Ohun tí mo fi jẹun láti ìgbà èwe mi nìyẹn. Mo tú u lórí aṣọ funfun, mo to súkúrúù rẹ̀ mọ́kànlá kalẹ̀ bí mo ṣe ń to ti aago. Ohun tí mo rí, ẹnu yà mí. Ẹ fún bátìrì mọ́ inú ibẹ̀ bí ìgbà téèyàn fún ẹsẹ̀ sínú bàtà ọmọdé. Súkúrúù kan wà lápá òsì, lẹ́yìn bọ́tìnnì. Ẹnu rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ara bátìrì ló sì forí sọ. Ó ti gún un ní àmì. Bátìrì náà ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.

Mo yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo rì í sínú agolo yanrìn, mo gbé agolo náà síta lábẹ́ ògiri. Mo ya àwòrán bí ibẹ̀ ṣe rí sẹ́yìn ìwé yìí. Ta ló ní kí ẹ ṣe é tín-ín-rín bẹ́ẹ̀? Ṣé gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń ṣe ló rí báyìí ni, àbí èyí nìkan? Dá mi lóhùn kíákíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. N kò tíì rí èsì yín, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kí n lè dúró.

Wọ́n ti gbà á! Àwọn àgbààgbà ilé iṣẹ́ wá wo ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Pẹlẹbẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ga bákan náà, kò fi ìwọ̀n ìka kan jù ú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin àgbà kan wà láàárín wa tó ń ṣe bọ́tìnnì, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bọ́tìnnì. Òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní inú ẹ̀rọ náà ti há jù. Pẹlẹbẹ ní kó lọ sinmi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Wọ́n sì ti fi mí ṣe olórí tábìlì wa!

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ tán nígbà yẹn. N kò gba àṣẹ kí n tó mú ẹ̀rọ yẹn jáde. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún nọ́ọ̀sì náà bó bá ń padà bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fara ha, ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Bí ó bá dé bó ṣe wà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀ lónìí.

Ìwé rẹ ti ọjọ́ kẹjọ dé láàárọ̀ òní. O ò tíì rí tèmi! Ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lo wí? Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin?

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó gbé agolo yanrìn yẹn kúrò nílẹ̀ kó lè gbá abẹ́ rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un, ó ní òun rò pé iná inú rẹ̀ ti kú. Mo kàn gbọ́ "fùùù", bíi pé ejò ńlá mí èémí, lẹ́yìn náà ìró ìgbálẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ìyá rẹ kò ké. Ìyẹn ló já mi láyà jù. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó dúró bí òpó, agolo ti bọ́ sílẹ̀, iná funfun ń yọ látinú yanrìn, aṣọ mẹ́ta tó sá sórí okùn ń jó. Ó kàn ń wo apá òsì rẹ̀ bíi pé apá ẹlòmíràn ni. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó ti bó. Ó ní, "Bàbá Aláago, kí nìyí?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ títí a fi dé ilé ìwòsàn nìyẹn.

Wọ́n ti dì í. Wọ́n ní kò ní sọ apá nù. Ó ti ń dápàárá pé, "Ọmọ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, èmi ló jó." Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín.

Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti fi fóònù rẹ̀ pe nọ́ńbà tí o fún wa nígbà mẹ́fà. Ọkùnrin kan ló ń gbé e, èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ló ń sọ. Ṣé o ti pààrọ̀ nọ́ńbà ni, tí o kò sọ fún àwọn tó bí ọ? Ìwọ lò ń bá mi jà pé n ò lo fóònù!

Mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ ní kánmọ́kánmọ́. Bí o bá rí i gbà, ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o sáré. Bátìrì kan ló ṣe ìyá rẹ báyìí. Ẹgbẹ̀rún ńkọ́? Lọ́wọ́ ọmọ ta ni yóò ti bú?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ bá mi bẹ ìyá mi. N kò mọ ẹnu tí n ó fi bẹ wọ́n.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, kí n tó jáde nílé láàárọ̀, mo bá ìwé yín méjèèjì pa pọ̀ nínú àpótí ìwé. N kò mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ sọnù sí fún oṣù kan. Mo ka èyí àkọ́kọ́ lórí àtẹ̀gùn, mo ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín tó tutù. Mo dé ibi "mo tú u", ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣí èkejì, mo jókòó sílẹ̀. Àwọn èèyàn ń gba orí mi kọjá, wọ́n ń ní "jọ̀wọ́, ṣé ara rẹ yá?"

Mo sáré dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu. Mo sọ fún Ìyá Bọ́tìnnì. Kò béèrè ohunkóhun, ó kàn mú irin ìtú-súkúrúù jáde. A tú mẹ́rin. Mẹ́ta ti ní àmì. Níbi tí ẹ yà á sí gan-an ni, Bàbá mi, bíi pé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dè é.

Pẹlẹbẹ wọlé bá wa. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ní kí ẹ tú u? Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀!"

Mo gbé ìwé yín síwájú rẹ̀. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n àwòrán kò fẹ́ ògbufọ̀. Ó wo àwòrán, ó wo ẹ̀rọ, ó tún wo àwòrán. Mo rí i tí àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ya èyí?"

"Bàbá mi."

"Níbo ni bàbá rẹ ti rí ẹ̀rọ wa?"

Bàbá mi, mo lè purọ́. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rántí apá ìyá mi. Mo ní, "Èmi ni mo jí i fún wọn. Ó ti jó ìyá mi."

Ìyá Bọ́tìnnì bo ẹnu. Pẹlẹbẹ fa àga, ó jókòó. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Bó ṣe gbé e kalẹ̀, ó ní kí n kó ẹrù mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n mú ife tíì mi.

Nọ́ńbà mi tuntun wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Wọ́n jí fóònù mi lọ́dún tó kọjá, mo gba nọ́ńbà mìíràn, mo sì ń fi òní dọ́la láti sọ fún yín. Kò sí àwáwí.

Ọmọ yín tó dun ẹ̀yin méjèèjì.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

A gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹkún nìkan lo sun, owó Tíṣà sì ń lọ. Nítorí náà mo jókòó kọ ohun tí n kò rí àyè sọ.

Apá ìyá rẹ ti ń jinná. Awọ tuntun ti ń bo ibẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Sọ fún un pé èmi ò bínú. Sọ fún un pé kó jẹun." Mo ti kọ ọ́.

Èmi ń bínú. O mú ohun tí kì í ṣe tìrẹ, o fi í ránṣẹ́ sílé, o sì ní kí n bá ọ fi bò. N ò tọ́ ọ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà bá mi ka ohun tí o sọ lójú ọ̀gá rẹ fún àwọn tó wá kí ìyá rẹ, mo kúrò nínú yàrá, torí omi ojú mi ti fẹ́ dójú tì mí.

Ìbéèrè tí o bi mí lákọ̀ọ́kọ́, bóyá èèyàn lè torí ẹ̀rọ yín gbé fóònù jù sílẹ̀, mi ò tíì dáhùn rẹ̀. Nígbà tí fóònù dé, gbogbo ayé ní aago ti kú. Ta ló tún ń so irin mọ́ ọwọ́ nígbà tí àkókò wà nínú àpò? Mo ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, eṣinṣin nìkan ló ń kí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kó aago tó ń ṣe bíi fóònù wá tà, aago tó ń dún, tó ń tàn, tó ń kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Àwa tí a jẹ́ kí aago máa jẹ́ aago la ṣì wà níbí. A kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a wà. Ẹ̀rọ yín yẹn dára. Bó ṣe ń sáré lé fóònù kó lè jọ ọ́ ló fi gbé iná sínú.

Wá iṣẹ́ mìíràn. Jẹun.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àtìlẹyìn. Mo ti ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí a ti ń tún fóònù ṣe. Ojú gíláàsì tó fọ́ ni mo ń pààrọ̀ látàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kórìíra gíláàsì, ẹ wo ibi tí ọmọ yín bá ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò fẹ́ lọ wò ó, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Bàbá mi, ó sanra! Wọ́n ti fi àyè sí i nínú, wọ́n ti gé súkúrúù yẹn kúrú, ó sì dùn ún dì mú. Mo rò pé n ó bá ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Ìlà àwọn èèyàn tí mo bá yí igun òpópónà po. Mo dúró lódìkejì títì, n kò lè mira.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ o. Oníbàárà wa kan ní òun kò lè máa ru nǹkan méjì nígbà tí ọ̀kan ti tó, òótọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lánàá, obìnrin awakọ̀ kan gbé fóònù rẹ̀ wá fún àtúnṣe. Ó ń ta géèmù lórí ẹ̀rọ wa bó ṣe ń dúró. Mo tún fóònù náà ṣe tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí káńtà. Mo ní, "Màmá, wọ́n ń pè yín." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Jẹ́ kó dún. Láti àárọ̀ ló ti ń pè mí."

Ìyá Bọ́tìnnì ní wọn kò ti ẹ̀ka wa pa mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Ohun ìyanu wọ ilé wa. Ìwé kan dé látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ yín. Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìwọ. Ìyá rẹ rò pé wọ́n fẹ́ tì mí mọ́lé, ó ti ń di aṣọ mi sínú àpò.

Tíṣà kà á fún wa. Wọ́n bẹ ìyá rẹ, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ máa fi ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi kó tó jáde, kí n máa tú u. Mo ní kí Tíṣà tún un kà. Mo ní kó wá orúkọ rẹ nínú rẹ̀. Kò sí! Ojú ìwé méjì, wọn ò fi orúkọ rẹ kan ìlà kan. Inú bí mi.

Mo ti fèsì. Tíṣà fẹ́ bá mi kọ ọ́ ní èdè wọn, mo kọ̀. Mo fi èdè tí ìyá mi fi bí mi kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tèmi, kó wá ẹni tó lè kà á.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Kí lẹ ṣe fún mi yìí?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹrí ba sórí fóònù kan nígbà tí òjìji èèyàn bò mí mọ́lẹ̀. Mo gbójú sókè. Pẹlẹbẹ ni! Irin bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Bọ́tìnnì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo òrùlé bíi pé kò mọ nǹkan kan. Ìwé yín wà lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Ó ní, "A fi fóònù túmọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún wa pé àgbàlagbà kan ń gbin aago sínú omi." Ó nu ojú rẹ̀. "Kò sẹ́lòmíràn tí mo mọ̀ tó lè kà á."

Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí? Èmi náà ni kí n dúró lẹ́yìn káńtà, níwájú oníbàárà mẹ́ta, kí n máa ka ẹ̀bẹ̀ ara mi ní èdè wọn sétí ẹni tó lé mi! N kò fo ìlà kan. Mo kà á pé ẹ ti bá mi wí fún ohun tí mo jí. Mo kà á pé bí ilé bá ń jó, ẹni tó pariwo iná kọ́ lèèyàn ń tì síta. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní "ọ̀gá tó gbọ́n tó láti dá iṣẹ́ dúró, tí kò gbọ́n tó láti jẹ́ kí ọmọ mi dúró", oníbàárà kan ní, "Hẹ̀n-ẹ́n!" Mo kà á dé òpin, ibi tí ẹ ti ní ẹ kò ní tú ẹ̀rọ kankan fún wọn, torí ẹni tí ẹ kọ́ ní títú ti wà ní ìlú wọn.

Pẹlẹbẹ gba ìwé náà padà. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn, àbí ohun tí ìwọ fẹ́?"

Mo ní, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́, ẹ ò tíì bi mí."

Ó bi mí. Mo sọ fún un pé kì í ṣe bọ́tìnnì ni n ó máa tẹ̀ mọ́. N ó jókòó pẹ̀lú Ìyá Bọ́tìnnì, a ó máa tú gbogbo ẹ̀rọ kó tó jáde, ìgbà tí àwa méjèèjì bá sì ní "rárá", rárá náà ni. Bàbá mi, ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ ni mo ń pariwo títí. N kò wo inú."

Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Mo ti wà ní ibùdókọ̀ òfuurufú bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹrù mi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ fojú ara mi rí apá ìyá mi, kí n dì í mú.

Ẹ má wulẹ̀ fèsì ìwé yìí. Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ohùn mi ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ yín.